Ta Ló Mọ Orúkọ Ìyá Ẹlẹ́kọ?

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin Ìyá Ẹlẹ́kọ ni àkọ́bí rẹ̀ pè mí láti Ìkòròdú. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé ẹ ò tètè gbọ́. Òru ni màmá dákẹ́, kó tó di ọ̀sán la ti sin wọ́n." Mo ní kò sí ìbínú ńbẹ̀, bí ẹ̀sìn ṣe wí náà nìyẹn. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "A fẹ́ kọ ìtàn wọn sílẹ̀ fún fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Ẹ bá mi rántí, Ẹ̀gbọ́n, kí lorúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n? Ìlú wo gan-an ni wọ́n ti wá?"

Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá obìnrin yìí gbé ilé kan náà. Yàrá kẹta ni tèmi, ìkẹrin ni tirẹ̀, ògiri kan ló là wá láàárín. Mo mọ bó ṣe ń wúkọ́. Mo mọ ìgbà tó ń jí kírun. Mo mọ̀ pé kì í jẹ ẹja àrọ̀, mo sì mọ ìdí tí kì í fi jẹ ẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Ọmọ rẹ̀ mọ orúkọ Mùsùlùmí tó gbà nígbà tó ń lọ sílé ọkọ, òun ló wà lára káàdì ìdìbò rẹ̀. Ohun tí bàbá tó bí i pè é lọ́jọ́ ìkómọ, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó mọ̀ ọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ láti ọjọ́ ìpè yẹn títí dé ọjọ́ fìdáù, àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ tí àdúgbò ń pe kálukú ni màá lò, àwọn ẹbí ló ni ìyókù.

Láfíàjí ni ilé wa wà, lápá Campos, níbi tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà àti ìpè ìrun ti máa ń pàdé ara wọn lójú ọ̀run. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, yàrá méje nílẹ̀, méje lókè, báluwẹ̀ méjì, ilé ìdáná kan. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ yẹn ni gbogbo ìjà ilé wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń parí.

Iṣẹ́ èèyàn la fi ń pe èèyàn. Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ìyá Aláta. Bàbá Télọ̀. Ìyá Àgùdà tó ń gbé lókè. Alájọ tó ń gba àjọ ojoojúmọ́ láti Òkè Pópó dé Ọbáléndé. Èmi náà tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, Ọmọ Tíṣà ni mò ń jẹ́ títí dòní, torí pé bàbá mi kọ́ ọmọ níwèé. Bó o bá wọ àdúgbò wa tó o dárúkọ ẹni tó ò ń wá bó ṣe wà nínú ìwé, o ó rìn títí ẹsẹ̀ rẹ á wú. Bi wọ́n léèrè Ìyá Ẹlẹ́kọ, ọmọ ọdún mẹ́rin á fà ọ́ lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò sí àbùkù nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ ló fún ọ.

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fájì, tòun ti iléèwé tó wà lókè rẹ̀, ó sì pa àwọn ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ará Ìsàlẹ̀ Èkó tó lè rí ògiri tó lanu kó ṣe bí ẹni pé kò rí i. Òpó tó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn tiwa ti là débi pé àwọn ọmọdé máa ń ki òkúta wẹ́wẹ́ bọ inú rẹ̀ ṣeré. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dé, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X gàdàgbà sára ilé, inú bí wa, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ní irọ́ ni wọ́n pa. Ilé náà fẹ́ wó. A kó jáde. Ẹni tó lọ sí Àgbádó lọ, ẹni tó lọ sí Àjàngbádì lọ, Ìyá Ẹlẹ́kọ bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìkòròdú. Wọ́n ka yàrá, wọ́n ka fèrèsé, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ka àwa.

Ìsàlẹ̀ Èkó ti rí irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1924, ìjọba òyìnbó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lọ́dún 1928 láti tún ìlú ṣe, òun ni àwọn bàbá wa mọ̀ sí LEDB. Lọ́dún 1955, LEDB dojú kọ àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó, ilẹ̀ tó tó 70 éékà ni wọ́n pète láti wó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Bàbá mi máa ń sọ ti ìyá rẹ̀ àgbà tó bá wọn lọ. Ó ní ilé tuntun náà dára, afẹ́fẹ́ ń wọlé, àmọ́ ìyá àgbà a jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, a máa wo títì, kò sẹ́ni tó máa kí i títí oòrùn á fi wọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ìtàn ìyá arúgbó kan ni. Mi ò mọ̀ pé èmi náà máa rí i.

Ilé tí ìjọba fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956, ìyẹn Ilojo Bar tó wà ní Tinubu Square, wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016. Bí ìyẹn bá lè lọ, ta ni yóò bèèrè yàrá kẹrin?

Ojú ọ̀nà Ìkòròdú ni mo kọ́kọ́ gbà, lọ́jọ́ kejì ìpè náà. Ibi tí ọmọ rẹ̀ gbà fún un dára ju tiwa lọ, fèrèsé ńlá, báluwẹ̀ tirẹ̀ nìkan. Mo rí obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì nítòsí, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ mọ Ìyá Ẹlẹ́kọ?" Ó ní ẹlẹ́kọ kan wà ní òdìkejì títì. Mo ní rárá, èyí tó kú lọ́sẹ̀ yìí. Ó ronú. "Háà! Màmá ilé ẹ̀yìn!" Ó ní màmá jẹ́jẹ́ ni, pé wọn kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí níbi tí mo dúró sí. Ìyá Ẹlẹ́kọ tí a máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti òpin àdúgbò! Ìyá Ẹlẹ́kọ tó máa ń bá àwọn awakọ̀ dáńfó jà pé wọ́n ń da eruku sí igbá òun!

Ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, màmá gbé ìkòkò kaná, wọ́n di ẹ̀kọ ogójì, mẹ́fà péré ni wọ́n tà. Àwọn ará ibẹ̀ ti ní ẹni tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fọ asẹ́, wọ́n fi kọ́ ìṣó. Asẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo dé. Aṣọ rẹ̀ ti gan, ògì funfun díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ojú ìrán rẹ̀.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Ìyá Ẹlẹ́kọ ti pàdánù orúkọ rẹ̀ kí ikú tó dé bá a. Ẹnu àwọn tó ń jẹ ẹ̀kọ náà ni orúkọ náà ń gbé, nígbà tí ẹnu wọ̀nyẹn sì fọ́n ká, kò sẹ́ni tó lè pè é mọ́. Bí a bá fẹ́ dá ọmọ rẹ̀ lóhùn, ìdáhùn náà kò lè ti ẹnu ẹnì kan wá. Yàrá mẹ́rìnlá ni wá, kálukú ló ní èyí tó mọ̀ lọ́wọ́, bí àjọ tí oníkálukú ti dá tirẹ̀ tí kò tíì sẹ́ni tó kó o. Mo ra ìwé ogójì ojú ewé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo wọkọ̀.

Kí n tó sọ ti àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi fúnra mi rí. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Ẹlẹ́kọ fi ń rẹ àgbàdo. A lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a jẹ́ kó tòrò, a sì da omi orí rẹ̀ nù kó tó sùn. Ní aago mẹ́rin ìdájí, orógùn á bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìdí ìkòkò, gbọ̀ọ́, gbọ̀ọ́, gbọ̀ọ́, ìró yẹn ni aago ilé wa. Bó bá ti jinná, a mú ewé eéran, a ká a sínú àtẹ́lẹwọ́ òsì, a bu ẹ̀kọ gbígbóná sí i, a ṣẹ́ ẹnu ewé náà, a dà á délẹ̀. Kò ju kí èèyàn ka ení, èjì, ẹ̀ta. Èyí tó bá kù ní ìdí ìkòkò ló máa ń di ní wẹ́wẹ́, ó ń pè é ní ẹ̀kọ ọmọ iléèwé, kò sì gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ kankan rí. Èmi náà jẹ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti bá iná mulẹ̀ débi pé awọ ìka àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá rẹ̀ ń dán, ó le koko, kò ní ìlà. Nígbà tí mo mú un lọ ṣe nọ́ńbà ìdánimọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí, ẹ̀rọ náà kò rí nǹkan kà. Ọmọdébìnrin tó jókòó nídìí ẹ̀rọ ní kí màmá lọ fọwọ́. Ó lọ fọ̀ ọ́, ó padà wá, ẹ̀rọ ò tún rí nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ kó tó gbà. Ó bi mí lójú ọ̀nà pé, "Ọmọ Tíṣà, ṣé wọ́n ní mi ò sí ni?"

Ọ̀dọ̀ Bàbá Télọ̀ ni mo dé tẹ̀ lé e, ní Àgbádó. Ó ti ju àrùndínlọ́gọ́rin lọ, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ nígbà tí mo sọ ohun tó gbé mi wá, ó ní kí ọmọ-ọmọ òun wọ abẹ́ ibùsùn. Wọ́n gbé ìwé gígùn mẹ́ta jáde, ẹ̀yìn wọn pupa, èkúté ti jẹ etí ọ̀kan. Gbogbo ìwọ̀n tó gbà lára wa látìgbà tó ti dé ilé yẹn ló wà níbẹ̀. Ìkómọ, ìgbéyàwó, òkú, Ìléyá, Kérésìmesì, gbogbo aṣọ ẹbí tí ilé wa pawọ́ pọ̀ rà. Mo rí ìwọ̀n bàbá mi. Mo rí tèmi nígbà tí mo wà lọ́mọ iléèwé, ẹsẹ̀ ṣòkòtò 22. Mo pa ìwé náà dé fúngbà díẹ̀ kí n tó lè máa bá a lọ.

Èjìká Ìyá Ẹlẹ́kọ jẹ́ 16 nígbà ìgbéyàwó ọmọbìnrin rẹ̀. Ó di 15 àbọ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ní Ìléyá tó gbẹ̀yìn kí a tó kó jáde, ó ti di 14. Bàbá Télọ̀ fi ìka tọ ìlà náà bí ẹni ń wá ọ̀nà lókùnkùn. "Mo rí i pé ó ń rù. Mi ò lè sọ fún un. Ìwọ̀n tàtijọ́ ni mo máa ń gé, màá wá fi aṣọ líle tẹ́ èjìká nínú kó lè dúró, kẹ́nikẹ́ni má baà bi í pé kí ló ṣe é." Ọdún mélòó ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ó ní òun ò kà á. Ìyá Ẹlẹ́kọ kò mọ̀, àwa náà kò mọ̀.

Àmọ́ nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, "Ìyá Ẹlẹ́kọ" ló wà lókè gbogbo ìwọ̀n náà. Kò sórúkọ míì. Lórí ìlú, Bàbá Télọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni. Alájọ tí mo pè lórí fóònù ní Ẹ̀pẹ́ ni, pé òun gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ń bá ẹlẹ́ja kan ná ọjà. Ẹnì kan ní Ẹ̀gbá ni pọ́ńbélé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló dá a lójú tó fi lè búra.

Ọ̀rọ̀ ti àwọn míì ń wọlé níbi tí mo ti ń bèèrè tirẹ̀, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n rán mi létí pé Ìyá Àgùdà tó ti kú tipẹ́ máa ń se fréjòn fún gbogbo ilé ní Good Friday, ẹ̀wà tí wọ́n sè tó jinná rà, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi omi àgbọn ṣe. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wa, àwo wa sì máa ń tò láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé àtẹ̀gùn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Ìyá Ẹlẹ́kọ ló ń bá a rin àgbọn náà lóru, pé àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí ilé ìdáná láìtan iná, torí pé Ìyá Àgùdà ń gba ààwẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Ẹni tó rí wọn ni ọmọ Alájọ, nígbà tó dìde lọ tọ̀. Ó ti di ọkùnrin báyìí, kò sọ ọ́ fẹ́nì kankan rí.

Bàbá Yàrá Kẹsàn-án ńkọ́? Òun ló dùn mí jù. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nọ́ńbà yàrá la fi ń pè é. Kò níyàwó, kò lálejò. Ohun kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn sọ ni pé ó máa ń kó gọ́tà iwájú ilé. Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, tí òfin ìmọ́tótó kò jẹ́ kí mọ́tò rìn, kálukú á gbá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àmọ́ òun ló ń wọ inú gọ́tà. Nígbà tí ìjọba Èkó fagi lé òfin kónílé-ó-gbélé náà lọ́dún 2016, gbogbo wa jáwọ́. Kò jáwọ́. Ọjọ́ tí a ń kó jáde, ó gbé báàgì kan, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ. Kò sẹ́ni tó ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Mo fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún un, ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Ìyá Aláta ni mo fi kẹ́yìn, torí pé ẹ̀rù ń bà mí. Ọdún mẹ́fà tí a lò kẹ́yìn nílé yẹn, òun àti Ìyá Ẹlẹ́kọ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Garawa ló dá a sílẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ gbé garawa sídìí ẹ̀rọ lóru kó lè tètè rí omi ògì, Ìyá Aláta gbé e kúrò kó lè fọ ata, ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di èébú, èébú kan ọmọ. A bẹ̀ wọ́n títí, a pe àáfà, a pe pásítọ̀, wọn ò gbà. Mo rò pé bí mo bá dárúkọ rẹ̀, yóò lé mi jáde.

Mo bá a ní Ọbáléndé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó ń já ìdí ata rodo sínú abọ́. Mo kí i, mo sọ ohun tó gbé mi wá. Kò gbójú sókè. "Ìgbà wo ló kú?" Mo sọ fún un. "Ta ló sọ fún ọ pé kó o wá bi mí?" Mo ní kò sẹ́ni tó kù tí mi ò tíì bi. Ó já ìdí ata bíi mẹ́wàá sí i. Lẹ́yìn náà ló pe orúkọ kan, ó pè é bí ẹni ń pe ẹni tó wà ní yàrá kejì pé kó máa bọ̀. Ó tún pe oríkì rẹ̀. Ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ abúlé kan lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, ó sọ iṣẹ́ tí bàbá náà ń ṣe. Mo ń kọ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

"Èmi ni mo ń di irun rẹ̀," ló wí. "Ọmọ ọ̀dọ̀ làwa méjèèjì nígbà tí wọ́n mú wa wá s'Ékòó. Ọjà Sángrọ́ọ̀sì la ti pàdé, ẹrù là ń rù. Kò fẹ́ kí wọ́n máa pe orúkọ ilé rẹ̀ l'Ékòó, ó ní ìyá òun nìkan ló ń fi pe òun. Mo bá a pa á mọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ata wọ ojú náà, a dìde wá omi.

Òun ló tún bá mi yanjú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Káàdì ìdìbò sọ pé 1952 ni wọ́n bí Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ìyá Aláta ní irọ́ ni, pé nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá s'Ékòó, ojú títì làwọn dúró sí, Ìyá Ẹlẹ́kọ sì pọn ọmọ ọ̀gá rẹ̀, ọmọ tó ti ń rìn. Ọdún 1956 nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè pọn irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo fi ti Bàbá Télọ̀ kún un, torí Ìyá Ẹlẹ́kọ sọ fún un rí pé mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá òun lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún, ìyẹn ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, pé ọ̀nà tàtijọ́ lòun wò, igbá ẹ̀kọ wà lórí òun, àkọ́bí òun wà lẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ wá rántí pé màmá máa ń so kọ́bọ̀ oníhò kan mọ́ etí ìró, kọ́bọ̀ tí wọ́n ń ná kí náírà tó dé ní 1973, pé owó ẹ̀kọ tí òun kọ́kọ́ tà fúnra òun nìyẹn. A fi gbogbo rẹ̀ ṣírò, a fi í sí 1946 tàbí ohun tó sún mọ́ ọn.

Àríyànjiyàn wà kó tó di fìdáù. Ẹnì kan nínú ẹbí onílé pè mí, ó ní òun gbọ́ pé mò ń kọ ìwé nípa ilé àwọn, kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ fi ìtàn ẹlẹ́kọ ṣe? Mo bọ̀wọ̀ fún un, mo sì dá a lóhùn. Èkó mọ bí a ṣe ń yẹ́ òkú sí. Láti ọdún 1854 tí wọ́n ti gbé Ẹ̀yọ̀ jáde fún Ọba Akítóyè ni aṣọ funfun ti ń gba ìgboro nítorí àwọn ẹni ńlá tó lọ. Mo fẹ́ràn Ẹ̀yọ̀ dọ́kàn, bí wọ́n bá ń bọ̀, mo máa ń bọ́ bàtà mi kí n tó jáde. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé e jáde kẹ́yìn kí a tó kó lọ, àwọn ọmọ Ẹ̀yọ̀ tó ń múra ládùúgbò wa, ẹ̀kọ ta ni wọ́n jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́?

Ọ̀rọ̀ ìjà tún wà ńbẹ̀. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ fẹ́ kí a yọ ọ̀rọ̀ garawa kúrò. Mo ní bí a bá yọ ọ́, a ti yọ Ìyá Aláta, bí a bá sì yọ Ìyá Aláta, ta ló sọ orúkọ náà fún wa? Ó gbà. Ọ̀rọ̀ yàrá kẹfà ni mo fi sílẹ̀, torí pé àwọn tó kàn ṣì wà láyé, wọn ò sì fún mi láṣẹ. Ìdí tí Ìyá Ẹlẹ́kọ kì í fi jẹ ẹja àrọ̀, mi ò kọ ọ́. Ó sọ ọ́ fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan tó ń sunkún, kò rò pé màá tún un sọ.

Ọjọ́ fìdáù, abẹ́ kánópì ní Ìkòròdú, àwọn àáfà ti ka Kùránì, wọ́n ti wàásù, wọ́n ní kí n wá kà á. Ojú ewé mẹ́rin ni. Mi ò tíì ka ojú kan tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi dúró. Alájọ pariwo láti ẹ̀yìn pé ẹ̀kọ rẹ̀ kì í tán ní aago mẹ́jọ, aago méje ni. Bàbá Télọ̀ ní kí wọ́n gbé òun dìde, ó ní aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ ewé, àwọ̀ àyìnrín ni, òun lòun rán an. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí sọ pé òun jẹ ẹ̀kọ ọmọ iléèwé yẹn fún ọdún mẹ́rin, pé òun ti di nọ́ọ̀sì báyìí, kí n kọ ọ́ síbẹ̀. Mo jókòó, mo ń kọ. Obìnrin oníbúrẹ́dì náà wà níbẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kánópì, ó ń gbọ́. Nígbà tó ń lọ, mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ìyá Ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń pe màmá yẹn o."

Nígbà tí mo dé ibi tí orúkọ ilé rẹ̀ wà, mo wo Ìyá Aláta. Ó mi orí, mo kà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ọ nìyẹn. Èyí tó kéré jù wí i lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú ìwé náà padà lọ sí Ọbáléndé. Mo jókòó ti Ìyá Aláta, mo ṣí ojú ewé tuntun, mo kọ "Ìyá Aláta" sókè rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo kọ síbẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní, "Pa á rẹ́. Ata tí mo tà, ìsàlẹ̀ ni kó o kọ ọ́ sí." Ó wá pe orúkọ rẹ̀ fún mi, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kọ ọ́. Ó ní kí n kà á síta kóun gbọ́. Mo kà á. Ó ní mo ṣì í pè, kí n tún un pè.